Ajá Arúgbó Lórí Afárá Pákó: Ìmọ̀ràn fún Àgbẹ̀ àti Apẹja Awoye

Ní Awoye, létí òkun Ìlàjẹ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, orí òpó ni ilé dúró sí, pákó ni wọ́n sì fi so ojúlé kan mọ́ èkejì. Ajá tó bá fẹ́ lọ síbi tí wọ́n ti ń yan ẹja, orí pákó yìí ni yóò gbà, omi á sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ajá tí ara rẹ̀ le kì í ka èyí sí. Bó bá ti dàgbà, àlàfo tó ń fò kọjá láìwo ẹ̀yìn á di ohun tó ń dúró wò, nígbà mìíràn á sì padà.

“Ó ti darúgbó ni,” ni ọ̀pọ̀ alájá máa ń wí, ọ̀rọ̀ sì parí. Ṣùgbọ́n ogbó nìkan kọ́. Làkúrègbé ló sábà máa ń ṣe irú ajá bẹ́ẹ̀: ohun tó ń yọ̀ tó bo orí egungun ní oríkèé á máa jẹ díẹ̀díẹ̀, oríkèé á wú, ìrora á sì dé. Ajá ńlá lè bẹ̀rẹ̀ sí í rí i ní bí ọmọ ọdún 7. Ó máa ń pẹ́ díẹ̀ sí i kó tó mú ajá kékeré.

Ajá kì í sábà ké nítorí oríkèé. Ojú ni alájá yóò fi mọ̀ ọ́n. Ṣé ó ń pẹ́ kó tó dìde láàárọ̀, tí ara rẹ̀ á wá máa rọ̀ bó ti ń rìn? Ṣé itan ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń rù? Ṣé ojú kan náà ló ń lá lẹ́sẹ̀ ṣáá, tàbí ó ń kanra bí ọmọdé bá fọwọ́ kan ìbàdí rẹ̀?

Ilé ló yẹ kí alájá kọ́kọ́ tún ṣe, kó tó ronú oògùn. Pákó tí omi ń ta sí máa ń yọ̀, ajá tí itan rẹ̀ ti rù kò sì lè di ara rẹ̀ mú níbẹ̀. Kí wọ́n ha pákó náà mọ́, kí wọ́n kan àpò ìdọ̀họ mọ́ ojú ibi tí ajá ń gbà jù, kí wọ́n sì dí àwọn àlàfo tí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè bọ́ sí. Àwọ̀n ẹja tó ti gbó pọ̀ nílẹ̀, ó sì lè wá sí ẹnikẹ́ni lọ́kàn láti tẹ́ ẹ, àmọ́ kò dára: èékánná ajá á há sí ojú àwọ̀n, á sì fà á ṣubú. Èékánná náà, kí wọ́n máa gé e, nítorí ajá tí kò rìn púpọ̀ mọ́ kì í rí ibi lò ó tán.

Níbi àtẹ̀gùn, kí wọ́n gbé pákó fífẹ̀ kan dagun, kí wọ́n sì kan àwọn igi tẹ́ẹ́rẹ́ sí ìbú rẹ̀ kí ẹsẹ̀ lè rí ibi tẹ̀. Bí pákó náà bá ṣe gùn tó ni gígùn ún yóò ṣe rọrùn tó. Lóru, kí wọ́n dí ẹnu ọ̀nà tó kọjú sómi. Ajá tó bá já sínú omi lókùnkùn tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kò lágbára lè má rí ara rẹ̀ gbà. Fóòmù àtijọ́ tí wọ́n fi àpò bò ni kó máa sùn lé, kí atẹ́gùn tútù tó ń gba abẹ́ pákó wọlé má bàa máa fẹ́ sí i lára.

Bí wọ́n bá ń gbé e sínú ọkọ̀, kí wọ́n má fà á lẹ́sẹ̀ iwájú. Kí wọ́n ta aṣọ ìnura gba abẹ́ ikùn rẹ̀ níwájú itan, kí wọ́n fi gbé ìdí rẹ̀, kí ó máa fi ẹsẹ̀ iwájú rìn fúnra rẹ̀.

Sísanra jù ń pa oríkèé lára. Ní ọdún 2002, àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà tẹ àbájáde iṣẹ́ kan jáde tí wọ́n fi ajá Labrador 48 ṣe láti kékeré títí wọ́n fi kú. Oúnjẹ tí wọ́n ń fún ìdajì wọn fi ìdá kan nínú mẹ́rin dín sí ti ìdajì kejì. Àwọn tó jẹun níwọ̀n yìí fi bí ọdún méjì pẹ́ láyé jù, làkúrègbé sì pẹ́ kó tó mú wọn. Nítorí náà, kí wọ́n dín púpurú tí wọ́n ń dà fún ajá arúgbó kù, kí wọ́n fi ẹja díẹ̀ kún un. Ọ̀rá ẹja bíi sáwá ń ran oríkèé lọ́wọ́, bí wọ́n bá bọ̀ ọ́ láìfi iyọ̀ sí i tí wọ́n sì yọ egungun rẹ̀. Omi òjò ni kó máa mu, kì í ṣe omi òkun.

Kí ó máa rìn díẹ̀díẹ̀, lẹ́ẹ̀mélòó kan lójúmọ́. Níbi tí omi bá pa rọ́rọ́ tí kò sí epo lójú rẹ̀, ẹnì kan lè dì í mú kó lúwẹ̀ẹ́ fún ìgbà kúkúrú, nítorí omi ń gbé ìwúwo ara kúrò lórí oríkèé. Kí wọ́n fi omi tí kò níyọ̀ ṣan ara rẹ̀ lẹ́yìn náà.

Ìkìlọ̀ ńlá rèé: parasitámọ́ọ̀lù, ibuprofen àti diclofenac tí èèyàn ń lò lè ba ẹ̀dọ̀, kíndìnrín tàbí ikùn ajá jẹ́, wọ́n sì lè pa á. Ìpara gbígbóná náà kò yẹ, torí yóò lá a. Oògùn ìrora ajá wà, bíi carprofen àti meloxicam, ṣùgbọ́n dókítà ẹranko ni yóò sọ ìwọ̀n tó yẹ.

Ẹsẹ̀ tó rọ lójijì yàtọ̀ sí gbogbo èyí. Bí ẹnu irú ajá bẹ́ẹ̀ bá là sílẹ̀, tí itọ́ ń dà, tí ohùn rẹ̀ yí padà tàbí tí kò lè gbé nǹkan mì, ó lè jẹ́ dìgbòlugi. Kí ẹnikẹ́ni má ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu pé bóyá egungun ló há a. Àrùn yìí ń pa nǹkan bí 59,000 èèyàn lágbàáyé lọ́dún, ajá ló sì ń kó o ran èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ẹni tí ajá bá bù jẹ gbọ́dọ̀ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, kó sì lọ gba abẹ́rẹ́ nílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ajá arúgbó pẹ̀lú gbọ́dọ̀ máa gba abẹ́rẹ́ àjẹsára tirẹ̀.

Ìrìn àjò orí omi lọ sí Igbókòdá, àti láti ibẹ̀ lọ sí Àkúrẹ́, láti rí dókítà ẹranko, ń ni ajá tí oríkèé ń dùn lára. Kí alájá fi fóònù ya fídíò rẹ̀ nígbà tó bá ń dìde láàárọ̀ àti nígbà tó ń rìn lórí pákó, kó sì fi ránṣẹ́ sí dókítà ẹranko ṣáájú. Dókítà á lè sọ bóyá ó yẹ kí wọ́n gbé e wá, àti bóyá ọ̀rọ̀ náà jẹ́ kánjúkánjú.