Orí Bíbẹ́ Kọ́ Ni Oògùn Orí Fífọ́: Ẹ̀kọ́ Lórí Sólẹ́nọ́ìdì Gíà Ọkọ̀

Ẹ̀kọ́ t'oṣù yìí dà bí ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì, ṣùgbọ́n bí ẹ bá kà á dé ìsàlẹ̀, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ owó wa náà ni.

Ohun tó fà á nìyí. Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan, tó ń fi Toyota Camry rẹ̀ kó iṣu àti gààrí láti Ọ̀kà lọ sí ọjà Ìkàrẹ́, mú ìwé ẹ̀yáwó wá bá ìgbìmọ̀. Ó ní gíà ọkọ̀ òun ti kú, wọ́n sì ti sọ fún òun pé kí òun lọ ra odidi gíà tòkunbọ̀. Owó tó kọ sínú ìwé náà pọ̀ ju ohun tó ti fi pamọ́ sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ lọ. Àwọn onídùúró méjì ti fọwọ́ sí i. A bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Ẹ̀gbọ́n, ta ló fi ẹ̀rọ yẹ ọkọ̀ náà wò?" Ó ní kò sẹ́ni kankan. A ní kí ó lọ yẹ̀ ẹ́ wò ná, kí ó tó padà wá. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, sólẹ́nọ́ìdì kan ló bàjẹ́. Ó ra ẹyọ kan àti ọ́ìlì tuntun, ó sì padà sẹ́nu òwò rẹ̀. Ìwé ẹ̀yáwó náà ṣì wà nínú fáìlì wa títí di òní. Kò padà wá béèrè rẹ̀ mọ́.

Àwọn àgbà ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ìdí nìyẹn tí a fi kọ ẹ̀kọ́ yìí.

Kí ni sólẹ́nọ́ìdì?

Ọkọ̀ ọtọmátíìkì, èyí tí awakọ̀ kì í tẹ kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀, kì í ṣe nǹkan àná. Ní ọdún 1939 ni ilé iṣẹ́ General Motors ní Amẹ́ríkà gbé irú rẹ̀ tí wọ́n pè ní Hydra-Matic jáde. Nígbà náà, ọ́ìlì àti irin nìkan ló ń darí gíà. Nígbà tó yá ni wọ́n fi kọ̀ǹpútà kún un. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò ní ọwọ́ tó lè fi ti irin. Sólẹ́nọ́ìdì ni ọwọ́ rẹ̀.

Nǹkan kékeré ni, ọ̀pọ̀ wọn kò ju àtàǹpàkò lọ. Wáyà tín-ín-rín tí a ká jọ ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú irin kékeré kan láàárín. Bí iná bá wọ wáyà náà, á di mágínẹ́ẹ̀tì, á sì fa irin yẹn. Ọ̀nà ọ́ìlì á ṣí, tàbí kí ó tì. Ọ́ìlì tó ń sáré pẹ̀lú agbára ni yóò wá tẹ kílọ́ọ̀ṣì inú gíà, ọkọ̀ á sì bọ́ láti gíà 1 sí 2, láti 2 sí 3.

Ẹ fi ẹgbẹ́ wa wò ó. Akọ̀wé kọ ìwé, akápò ṣí àpótí, owó jáde lọ ṣiṣẹ́. Kọ̀ǹpútà ni akọ̀wé, sólẹ́nọ́ìdì ni akápò, ọ́ìlì ni owó. Bí kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ akápò bá dá, ṣé a ó dáná sun àpótí ni? Àbí a ó gbẹ́ kọ́kọ́rọ́ míì?

Àmì tí a fi ń mọ̀ ọ́n

Ọkọ̀ á wúwo láti gbéra, bí ẹni pé gíà 3 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ó lè má fẹ́ bọ́ sí gíà tó kàn, kí ẹ́ńjìnnì máa ké lásán. Ó lè bọ́ sí i pẹ̀lú gìrì, bí ẹni pé wọ́n fi nǹkan gbá a lẹ́yìn. Iná CHECK ENGINE lè tàn, tàbí kí iná O/D OFF máa ṣẹ́jú. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ló ń há gíà mọ́ ojú kan bí ó bá ti rí àṣìṣe, kí inú gíà má baà bàjẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwa tí à ń gbé Ọ̀kà, orí òkè la wà, a máa ń tètè mọ̀. Ọkọ̀ tó ń sáré geere ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, bí ó bá dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ pẹ̀lú ẹrù, á dúró.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí dáadáa: gígun òkè kọ́ ló léwu jù, sísọ̀ rẹ̀ ni. Ọkọ̀ tí gíà rẹ̀ há lè má gbà wá láyè láti lo 2 tàbí L tó yẹ kó máa dì í mú. Gbogbo ìwúwo ẹrù á wá bọ́ sórí búrẹ́èkì nìkan, búrẹ́èkì á gbóná, kò sì ní dì mọ́. Gbogbo wa la rántí oṣù Kínní ọdún 2021 ní Àkùngbá, nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù kan já wọ àárín èèyàn níwájú Yunifásítì Adékúnlé Ajásin, tí ẹ̀mí sì ṣòfò. Ọkọ̀ kékeré kọ́ nìyẹn, ṣùgbọ́n òkè kì í mọ kékeré yàtọ̀ sí ńlá. Bí gíà bá ti há, ẹ sọ ẹrù kalẹ̀. Ọjà ọjọ́ kan kò tó ẹ̀mí.

Kí a tó tú bóòtù kankan

Ohun mẹ́ta ló ṣáájú.

Èkíní, ọ́ìlì gíà. Nínú ọ̀pọ̀ Toyota tó ní dípístíìkì gíà, ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ gbóná kí ó sì máa ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ọwọ́ gíà ní P, kí a tó wo ọ́ìlì. Ní ti Honda, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pa ẹ́ńjìnnì, kí a sì wò ó láì pẹ́. Ọ́ìlì tó dára máa ń pupa. Bí ó bá kéré, sólẹ́nọ́ìdì lè máa jẹ ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀. Bí ó bá dúdú tó sì ń rùn bí nǹkan tó jóná, kílọ́ọ̀ṣì inú lè ti jẹ tán. Sólẹ́nọ́ìdì tuntun kò ní wo ìyẹn sàn.

Èkejì, kóòdù. Gbogbo ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ṣe fún títà ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1996 ló ní ẹnu kan lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ní ẹ̀gbẹ́ awakọ̀, tí a ń ki ẹ̀rọ ayẹ̀wò bọ̀. P0750 ń tọ́ka sí sólẹ́nọ́ìdì A, P0755 sí B, P0760 sí C, P0765 sí D, P0770 sí E. Ẹ kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó pa á rẹ́. P0730 yàtọ̀: ó ń sọ pé gíà kò di ara rẹ̀ mú bó ṣe yẹ, ó sì lè jẹ́ pé kílọ́ọ̀ṣì ló ń yọ̀.

Ẹ̀kẹta, wáyà. Kóòdù ń júwe àdúgbò ni, kì í júwe ẹlẹ́ṣẹ̀. Èkúté lè ti gé wáyà jẹ, omi sì lè ti wọ ibi tí wáyà ti so pọ̀. Ẹ jẹ́ kí rìwáyà yẹ̀ ẹ́ wò láti orí gíà dé ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà.

Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀

Ọkọ̀ tí ẹ̀kọ́ yìí bá mu jù ni àwọn Toyota àtijọ́ tó ní dípístíìkì gíà, bíi Camry ti 1997 sí 2001. Nínú ọ̀pọ̀ Honda ti àwọn ọdún 1990, ìta gíà ni sólẹ́nọ́ìdì tó ń yí gíà wà. Iṣẹ́ tiwọn rọrùn jù, torí a kì í tú àwo ọ́ìlì.

1. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ tutù. Ẹ gbé e sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Àgbàlá tó dagun kò dára fún iṣẹ́ yìí. Ẹ fa búrẹ́èkì ọwọ́, ẹ fi òkúta ńlá dí táyà.

2. Ẹ fi jáàkì gbé e sókè, ṣùgbọ́n orí irin ìdúró tó lágbára ni kí ó jókòó lé. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró. Búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ńtì náà kò ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé, ó máa ń fọ́ lójijì.

3. Ẹ yọ orí bátìrì tó jẹ́ ti ìyọkúrò (−).

4. Ẹ tú ọ́ìlì sínú kẹ́ẹ̀gì tó mọ́, kí ẹ sì wọn iye líta tó jáde. Iye yẹn gan-an la ó dá padà.

5. Ẹ tú bóòtù àwo ọ́ìlì, ẹ sọ àwo náà kalẹ̀ jẹ́jẹ́, torí ọ́ìlì ṣì máa ń kù nínú rẹ̀. Ẹ wo mágínẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀. Ìdọ̀tí kíkúnná tó rí bí eérú, tí kò pọ̀, kò burú. Bí ẹ bá rí èérún irin tàbí àfọ́kù dúdú, ẹ dáwọ́ dúró. Ọ̀rọ̀ ti kọjá sólẹ́nọ́ìdì.

6. Ẹ fi fóònù ya àwòrán inú rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan. Ẹ yọ fílítà bí ó bá dí ọ̀nà. Ẹ tẹ ahọ́n orí wáyà kí ẹ tó fà á. A kì í fa wáyà fúnra rẹ̀. Ẹ tú sólẹ́nọ́ìdì, kí ẹ sì kọ ibi tí ó ti jáde sára bébà.

7. Ẹ fi mítà wọ̀n ọ́n. Nínú ọ̀pọ̀ Toyota, sólẹ́nọ́ìdì tó ń ṣí tó sì ń tì máa ń wà láàárín 11 sí 15 óòmù bí ó bá tutù. Bí mítà kò bá sọ nǹkankan, wáyà inú rẹ̀ ti já. Bí ó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òdo, wáyà ti kan ara wọn. Bí ó bá pé, ẹ fi iná bátìrì fólítì 12 kàn án fìrí: ó gbọ́dọ̀ dún "kẹ́". Bí kò bá dún, ìdọ̀tí ti há a. Ṣùgbọ́n irú sólẹ́nọ́ìdì míì wà tó ń díwọ̀n agbára ọ́ìlì, tí kì í ju bí 5 óòmù lọ. Ẹ má ṣe fi bátìrì kan ìyẹn tààrà, ó lè jó.

8. Ẹ fi ọ́ìlì gíà ra rọ́bà tuntun tó wà lọ́rùn sólẹ́nọ́ìdì, ẹ tì í wọlé tààrà, ẹ dì í. Bóòtù náà kéré. Agbára ọrùn ọwọ́ ti tó o. Ẹ má ki páìpù bọ sípánà.

9. Ẹ fi gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun sí àwo ọ́ìlì. Ẹ di bóòtù rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì.

10. Ẹ da ọ́ìlì gíà tuntun sí i, irú èyí tí ilé iṣẹ́ kọ fún ọkọ̀ náà gan-an. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì kọ́ o! Ẹ so bátìrì padà, ẹ fìdí búrẹ́èkì múlẹ̀, ẹ tẹ ìṣó ẹ̀, ẹ sì gbé ọwọ́ gíà láti P dé L, kí ẹ dá a padà. Ẹ tún dípístíìkì wò. Ẹ pa kóòdù rẹ́. Ojú ọ̀nà tó tẹ́jú, láì sí ẹrù, ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà kí ẹ tó gbé e dé òkè.

Ẹ má da ọ́ìlì àtijọ́ sí gọ́tà tàbí etí odò. Omi tí ẹlòmíràn ń mu ni.

Ibi tí ilé kò ti lè ṣe é

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tuntun kò ní dípístíìkì gíà mọ́. Ìgbóná ọ́ìlì ni wọ́n fi ń díwọ̀n rẹ̀, ó sì ń fẹ́ ẹ̀rọ. Àwọn míì, bíi ọ̀pọ̀ Corolla Amẹ́ríkà láti 2014, ní gíà CVT tí ètò inú rẹ̀ yàtọ̀. Ẹ gbé irú wọn lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n. A kò kọ ẹ̀kọ́ yìí láti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mẹkáníìkì. A fẹ́ kí ẹ mọ ohun tí ẹ ó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ kì í bínú sí ìbéèrè.

Òtítọ́ míì tún wà: nígbà míì, gíà máa ń kú ní tòótọ́. Bí ọ́ìlì bá jóná tí èérún irin sì pọ̀ nínú àwo, ẹ má fi owó sólẹ́nọ́ìdì ṣòfò. Ẹ wá, ẹgbẹ́ wà fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ohun tí ìgbìmọ̀ ń bẹ̀ yín ni pé kí ẹni tó bá fẹ́ yá owó fún gíà ọkọ̀ mú nọ́ńbà kóòdù àti ìròyìn ọ́ìlì rẹ̀ wá. Kì í ṣe láti ni yín lára. Owó tí a kò yá láìnídìí, èrè ni fún ẹni tí ì bá yá a, ìsinmi ni fún onídùúró, ó sì tún kù sílẹ̀ fún ọmọ ẹgbẹ́ tí àìní rẹ̀ kò ní àbùjá.

Ìbéèrè fún ìpàdé oṣù tó ń bọ̀

1. Kí ló dé tí sísọ̀kalẹ̀ òkè fi léwu ju gígùn rẹ̀ lọ fún ọkọ̀ tí gíà rẹ̀ há?
2. Àwọn ohun mẹ́ta wo la ó yẹ̀ wò kí a tó tú bóòtù?
3. Kí lẹ ó rí nínú àwo ọ́ìlì tí ẹ ó fi dáwọ́ iṣẹ́ dúró?
4. Bí ẹ bá jẹ́ onídùúró, kí lẹ ó kọ́kọ́ béèrè kí ẹ tó fọwọ́ síwèé?

Ire o. Ọkọ̀ wa kò ní kọ̀ wá sílẹ̀ lójú ọ̀nà.