Awẹ́rẹ́pẹ̀pẹ̀ Àti Eyín Dídùn

Nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, tí koríko orí ilẹ̀ gbígbẹ ti ń rọ, kí àwa ará Under G ní Ògbómọ̀ṣọ́ wo etí odò tàbí àkùrọ̀ tó bá sún mọ́ wa. A óò rí ewéko kékeré kan tó ń nà nílẹ̀, tí òdòdó rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè, tó rí ribiti bí bọ́tìnnì ẹ̀wù. Awẹ́rẹ́pẹ̀pẹ̀ nìyẹn. Mọ̀lẹ́bí ewúro ni.

Bí ẹ bá fi eyín gé òdòdó náà, ẹnu yóò kọ́kọ́ ta yín bí ẹni jẹ ata, itọ́ yóò máa ṣàn, lẹ́yìn náà ahọ́n àti èrìgì yóò kú. Èròjà kan tí wọ́n ń pè ní spilanthol ló ń ṣe é. Mo ti tọ́ ọ wò, n kò sì lè sọ̀rọ̀ geere fún ìgbà díẹ̀! Ní ìlú Belém ní Bùràsíìlì, wọ́n ń fi ìbátan rẹ̀ kan, jambu, se ọbẹ̀.

Abájọ tí àwọn àgbà fi ń fi í sí eyín tó ń dunni. Èmi kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n kí eyín má dunni mọ́, àti kí eyín sàn, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Kì í ṣe ìdin ló ń jẹ eyín, bí àwọn kan ti ń wí. Kòkòrò àìfojúrí ló ń sọ ṣúgà tí a jẹ di omi kíkan, èyí tó ń lu eyín ní ihò. Ewé kò lè dí ihò náà. Nígbà míràn ìrora á lọ pátápátá nítorí pé inú eyín ti kú; aláìsàn á máa dúpẹ́, ọyún sì ń kó jọ lábẹ́.

Bí ẹ bá fẹ́ lò ó lálẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa, nítorí ìgbẹ́ ẹran àti omi ìdọ̀tí ń ṣàn wọ àkùrọ̀. Ẹ má fún ọmọdé. Ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ oníyọ̀ yọ ẹnu, kí ẹ tu ú dànù. Ẹ má fi aspirin lé èrìgì, yóò bó o. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ó di ọ̀dọ̀ dókítà eyín.

Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tàbí abẹ́ àgbọ̀n bá wú, tí ara gbóná, tí ẹnu kò ṣeé là tàbí itọ́ kò ṣeé gbé mì, ẹ má dúró de òwúrọ̀. Wíwú náà lè dé ọ̀fun, kí ó dí èémí.