Ìtumọ̀ Kò Sọ Ọ́ Di Tiwa

Nígbà tí mo wà ní ọdún kejì, mo kọ àpilẹ̀kọ kan sínú ìwé ìròyìn yìí lórí ọ̀rọ̀ àyálò. Àwọn ọmọ kíláàsì mi yìn mí, olùkọ́ wa kan tilẹ̀ dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà láti sọ pé Yorùbá mi já gaara. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni olóòtú ìgbà náà pè mí lórí fóònù pé òun ti yọ ọ́ kúrò. Olùkọ́ kan ní yunifásítì mìíràn ló kọ̀wé sí wa. Ó ní òun rí iṣẹ́ òun, láti ìpínrọ̀ kìíní dé ìkẹyìn, ní èdè tí òun kò fi kọ ọ́.

Òótọ́ ló sọ. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mo ti rí i, ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni mo sì fi tú u sí Yorùbá, gbólóhùn kan tẹ̀ lé òmíràn. Ẹni tó bá ti ṣe ògbufọ̀ rí mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá ni, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ orúkọ ara mi sókè láìbẹ̀rù. Mo dárúkọ obìnrin náà nísàlẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rò pé ìyẹn ti tó.

Mo kọ̀wé tọrọ àforíjì. Ìdáhùn rẹ̀ dùn mí ju ìbínú lọ: ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti ń wá ẹni tí yóò bá òun tú u, ká ní mo béèrè ni, òun ì bá gbà.

Ọdún yìí, èmi náà wà lára àwọn tó ń yẹ àpilẹ̀kọ wò kó tó jáde, àṣìṣe tí mo ṣe sì ni mò ń rí léraléra. Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀tọ́ àdàkọ, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní kọ́píráìtì. (Ẹ̀yin ọmọ ọdún kìíní, kì í ṣe àdàkọ fònẹ́tíìkì tí wọ́n fi ń dá yín lágara ni mò ń sọ o.)

Òfin tí à ń lò ní Nàìjíríà báyìí ni òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ ti ọdún 2022, tí Ààrẹ Bùhárí buwọ́ lù ní oṣù kẹta ọdún 2023. Ẹ̀tọ́ náà ju dídà kọ lọ. Ẹni tó ni iṣẹ́ ló ni àṣẹ láti ṣe ẹ̀dà rẹ̀, láti tẹ̀ ẹ́ jáde, láti gbé e síwájú aráyé àti láti tú u sí èdè mìíràn. Kò ní láti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbì kankan. Bó bá ti fi làákàyè ara rẹ̀ ṣe é, tó sì kọ ọ́ sílẹ̀, ó ti di tirẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó tú iṣẹ́ oníṣẹ́ láìgbàṣẹ dà bí ẹni tó kọ́lé sórí ilẹ̀ onílẹ̀. Òótọ́ ni pé òun ló mọ ògiri rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló ni ilẹ̀?

D. O. Fágúnwà ni kí n fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí kò sí ọdún tí ẹnì kan kì í fi odindi orí kan láti inú ìwé rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa. Ọdún 1938 ni Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde, ọ̀pọ̀ sì gbà pé ìwé tó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ti di ti gbogbo ayé. Kò tíì rí bẹ́ẹ̀. Ọdún tí òǹkọ̀wé kú ni òfin ń kà, kì í ṣe ọdún tí ìwé jáde. Fágúnwà kú ní 1963; ọdún 70 láti ìparí ọdún yẹn gbé wa dé ìparí 2033. Ẹni tó bá sì fẹ́ tẹ orí kan láti inú ìtumọ̀ tí Wọlé Ṣóyínká ṣe ní 1968, àṣẹ méjì ló máa wá, nítorí ìtumọ̀ náà ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n Samuel Àjàyí Crowther kú ní 1891, Samuel Johnson tó kọ ìtàn àwọn Yorùbá kú ní 1901. Iṣẹ́ àwọn yẹn, ẹ dà á kọ, ẹ tú u, kò sẹ́ni tó máa mú yín. Ọ̀rọ̀ ìṣáájú tí ẹlòmíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ sínú ẹ̀dà tuntun nìkan ni kí ẹ ṣọ́ra fún.

Ẹ̀wẹ̀, ọ̀tọ̀ ni kí a dárúkọ ẹni, ọ̀tọ̀ ni kí a gbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó wọ oko Bàbá Lágbájá, tó já àgbàdo, tó wá ń pariwo lọ́nà pé oko Bàbá Lágbájá lòun ti já a, kò tíì tọrọ. Bákan náà, bí ẹ bá da Johnson kọ láìdárúkọ rẹ̀, kò sí ẹ̀tọ́ àdàkọ tí ẹ rú, àmọ́ olè ìmọ̀ lẹ jà, ẹ̀ka wa sì ní ìjìyà tirẹ̀ fún ìyẹn.

Kí ló wá kù tí a lè kọ? Ó pọ̀. Òfin náà sọ ọ́ kedere pé ẹ̀tọ́ àdàkọ kò dé orí èrò, ìlànà tàbí ìsọfúnni lásán. (Kò tilẹ̀ dé orí ọ̀rọ̀ òfin fúnra rẹ̀; ẹ lè dà á kọ tinútinú.) Kò sẹ́ni tó ni «Olú ra ìwé». Pé Yorùbá kì í fẹ́ kí kọ́ńsónáǹtì méjì tẹ̀ lé ara wọn, tí a fi ń ki fáwẹ̀lì sí àárín «búrẹ́dì» àti «síléètì», ìmọ̀ gbogbo ayé nìyẹn. Ohun tó jẹ́ ti obìnrin yẹn ni ọ̀nà tó gbà to àlàyé rẹ̀, àfiwé tó ṣe, àti gbólóhùn tó fi sọ ọ́. Nígbà tí mo tún àpilẹ̀kọ náà kọ, mo ka ìwé mẹ́ta, mo pa gbogbo wọn dé, mo fi ẹnu ṣàlàyé fún ẹni tí a jọ ń gbé yàrá títí ó fi yé e, kí n tó gbé kálámù. Ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni mo ti lọ wá àpẹẹrẹ: búréèkì, táyà, jáàkì. Ó dára ju ti àkọ́kọ́ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà nítorí rẹ̀.

Òfin tún gbà kí a fa ọ̀rọ̀ yọ fún ìwádìí tí kì í ṣe tówó, fún lámèyítọ́ tàbí àgbéyẹ̀wò. Kò sọ iye ọ̀rọ̀. Ohun tí a fẹ́ fi ṣe, bí ohun tí a mú ṣe pọ̀ tó, àti bóyá yóò ba ọjà olówó jẹ́ ló ń wò. Bí ẹ bá fa ìlà mẹ́ta yọ tí ẹ sì fi ìpínrọ̀ méjì tú u wò, kò sí wàhálà. Ojú ìwé mẹ́ta pẹ̀lú «ẹ ò rí i bó ṣe dùn tó» kì í ṣe àgbéyẹ̀wò.

Ẹ wo ìwé àṣẹ iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ tú. Bí ó bá ní Creative Commons, tí ẹ rí lẹ́tà ND lára rẹ̀, ẹ lè pín in bó ṣe wà, ẹ ò gbọdọ̀ gbé ìtumọ̀ rẹ̀ jáde. SA gbà yín láyè, àmọ́ irú àṣẹ kan náà ni ìtumọ̀ yín gbọ́dọ̀ gbé. Bí ti Wikipedia ṣe rí nìyẹn. Àwòrán náà ní olówó, ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé «orí Google ni mo ti rí i»: Google kọ́ ló yà á.

Èyí tó le jù fún àwa ọmọ ẹ̀dá-èdè ni ohùn tí à ń gbà sílẹ̀. Iṣẹ́ àṣekágbá mi dá lórí ìjálá, mo sì fi fóònù gba ohùn bàbá ọdẹ kan ní ìlú wa. Mo kọ́kọ́ rò pé ìjálá kò ní olówó, pé ti gbogbo wa ni. Òfin mọ ẹ̀tọ́ òṣèré: ẹni tó sun ún ló ń pinnu bóyá a lè gbà á sílẹ̀, kí a sì ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Ó tún ní kí a dárúkọ àwùjọ tàbí ìlú tí a ti rí irú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé bẹ́ẹ̀ nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́ jáde. Bàbá ti gbà kí n gba ohùn òun fún ilé ìwé, ṣùgbọ́n n kò béèrè nípa ìwé ìròyìn yìí.

Mo gbé fóònù padà lọ ní ìsinmi tó kọjá. Bàbá gbọ́ ohùn ara rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n tún un tẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní apá tó jẹ́ oríkì ìdílé ìyàwó òun kò gbọdọ̀ jáde, kí n máa mú ìyókù lọ. Ìṣẹ́jú mẹ́ta àtààbọ̀ ni mo gé kúrò. Olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ mi ní ibẹ̀ gan-an ló dùn jù, òótọ́ sì ni.