Ilé La Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde: Fún Ẹni Tó Ń Lọ Síbi Triathlon Àkọ́kọ́

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe yìí kò mọ ohun tó ń jẹ́ triathlon, ṣùgbọ́n bí n bá máa kọ ohun kan ṣoṣo sára ògiri yàrá ẹni tó fẹ́ bá wọn díje nígbà àkọ́kọ́, òun ni n óò kọ. Omi tó lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀, kẹ̀kẹ́ tó gùn, eré tó sá láti bí oṣù mélòó kan ti wọ inú ara. Kò sẹ́ni tó máa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ibi tí nǹkan ti máa ń dàrú ni wákàtí méjì tó ṣáájú fèrè: ibi ìgbọ́kọ̀sí, orí ìlà ìforúkọsílẹ̀, ẹnu géètì tí wọ́n ń kó kẹ̀kẹ́ gbà wọlé, àti ìlà ilé ìyàgbẹ́ tí mi ò tíì rí i kó kúrú rí.

Àbúrò mi kan ní London pè mí lórí fóònù lálẹ́ tó ṣáájú tirẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ilẹ̀ ọ̀la ló kù o. Kí ni kí n mú dání?" Mo ní kó da gbogbo ẹrù sílẹ̀ ní pálọ̀, kó wá tò wọ́n bó ṣe máa lò wọ́n: tomi ṣáájú, ti kẹ̀kẹ́ tẹ̀ lé e, ti eré sísá kẹ́yìn. Sprint ni wọ́n ń pe irú ìdíje tirẹ̀, 750 mítà nínú omi, 20 kìlómítà lórí kẹ̀kẹ́, 5 kìlómítà lẹ́sẹ̀. Ti Òlíḿpíìkì jẹ́ ìlọ́po méjì rẹ̀ gẹ́lẹ́. Ó tò ó tò ó, ló bá dákẹ́. "Ẹ̀gbọ́n, mi ò rí akoto mi." Ọmọ rẹ̀ ló ń fi í se ọbẹ̀ fún bèbí nínú yàrá. Ká ní ẹnu géètì ló ti mọ̀, ilé ni ì bá gbà lọ, torí pé ẹni tí kò ní akoto kò gbọ́dọ̀ gun kẹ̀kẹ́ níbẹ̀.

Kùtùkùtù kì í jíni lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Ẹ débẹ̀ nígbà tó bá ku wákàtí méjì. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, ogójì ìṣẹ́jú ló kù nígbà tí mo dé ti àkọ́kọ́ mi, létí adágún omi kan lẹ́yìn odi London. Mo gba nọ́ḿbà mi tàgìrì-tàgìrì, mo ti kẹ̀kẹ́ dé ẹnu géètì. Ìyá àgbà kan tó wọ jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ọsàn ló dúró níbẹ̀. Ó ti ìka bọ abẹ́ okùn akoto mi ní àgbọ̀n, ó tẹ bíréèkì iwájú, ó tẹ tẹ̀yìn, ó wá fi àtàǹpàkò kan orí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mi lápá òsì. Ihò gbayawu! Rọ́bà tó yẹ kó dé ojú irin náà ti bọ́ sọnù, mi ò mọ ọjọ́ tó bọ́. Ó ní bí mo bá ṣubú, irin yẹn á gé ẹran itan èèyàn bí ẹnu ife ti ń gé ìyẹ̀fun mití-páì. Mi ò lè wọlé. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó wà lẹ́yìn mi ló sáré lọ síbi ọkọ̀ rẹ̀, ó mú ìdérí ìgò wáìnì kan wá, a fi ọ̀bẹ gé e sí méjì, a fi ìdajì kan dí ihò náà, a fi téèpù wé e. Ìyá àgbà náà tún fi àtàǹpàkò kàn án, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n máa lọ. Ìdajì ìdérí wáìnì yẹn ṣì wà lórí kẹ̀kẹ́ mi dòní.

Ibi ìforúkọsílẹ̀ gan-an kò le. Ẹ mú ìwé ìdánimọ̀ tó ní fọ́tò dání. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí kì í bá ṣe ọmọ ẹgbẹ́ British Triathlon máa san owó ìwé àṣẹ ọjọ́ kan. Wọ́n á fún yín ní àpòòwé kan. Ẹ má fi sábẹ́ apá kẹ́ ẹ máa rìn kiri; ẹ jókòó sórí koríko kẹ́ ẹ tú u. Wọ́n á ti kọ nọ́ḿbà yín sára bébà kan fún iwájú akoto, òmíràn fún abẹ́ ìjókòó kẹ̀kẹ́, èyí tó tóbi fún ara yín: ẹ̀yìn ló ń wà lórí kẹ̀kẹ́, iwájú ló ń wà nígbà eré sísá. Bẹ́líìtì rọ́bà ló ń jẹ́ kó rọrùn láti yí i. Ẹni tó fi pínnì kàn án mọ́ ẹ̀wù á jìyà díẹ̀. Ẹ̀rọ bíńtín tó ń ka àkókò wà nínú àpòòwé yẹn náà. Ọrùn ẹsẹ̀ òsì ni kẹ́ ẹ so ó mọ́, torí pé ọ̀tún ni ṣéènì kẹ̀kẹ́ wà. Bí wọ́n bá sì máa fi kálámù kọ nọ́ḿbà sí yín lápá, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ tán kẹ́ ẹ tó fi Vaseline para. Tádàwà kì í mú awọ tó ti lọ́ràá.

Bí ọmọdé bá dé ibi ẹ̀rù, ẹ̀rù á bà á. Tẹ́ ẹ bá ti wọ géètì, ẹ óò rí kẹ̀kẹ́ tí owó rẹ̀ tó ti mọ́tò. Ẹ jẹ́ kí ó máa dán lọ. Ọ̀pá irin ni wọ́n ń gbé gbogbo wọn kọ́, wọ́n sì ń fi nọ́ḿbà pín ibẹ̀. Ibi tí èmi ti tún ṣi ẹsẹ̀ gbé nìyí: kẹ̀kẹ́ pupa ẹnì kejì mi ni mo fi sàmì sí tèmi. Nígbà tí mo ti inú omi jáde, tí ojú mi ń ṣú, ẹni náà ti gun pupa rẹ̀ lọ, mo wá ń sáré lọ sáré bọ̀ láàárín irin bí ẹran tó já okùn. Ohun tí kò ní ẹsẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi sàmì: igi, òpó iná, ìkángun àgọ́. Ẹ dúró sí ẹnu ọ̀nà àbájáde omi, kẹ́ ẹ ka iye irin tó wà láàárín ibẹ̀ àti kẹ̀kẹ́ yín. Ibi tí ọ̀nà kò bá yé yín, ẹ bi àwọn alájákẹ́ẹ̀tì. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, inú wọn sì máa ń dùn pé wọ́n rí nǹkan ṣe.

Kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ wo ìlà tí wọ́n fà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ ò gbọ́dọ̀ gun kẹ̀kẹ́ títí ẹ óò fi kọjá rẹ̀, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan kẹ̀kẹ́ láìtíì de okùn akoto. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn tuntun nìkan. Ní Hyde Park, ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹjọ ọdún 2012, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Jonathan Brownlee fò gun kẹ̀kẹ́ kó tó dé ẹ̀yìn ìlà, ní Òlíḿpíìkì, lójú àwọn ará ìlú rẹ̀. Wọ́n dá a dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá 15 nígbà tó ń sáré. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Alistair gba wúrà, òun gba idẹ.

Fóònù mi dún ní aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá láàárọ̀ ọjọ́ ìdíje àbúrò mi. Òun náà ni. "Ẹ̀gbọ́n, mo ti dé o, wọn ò tíì ṣí géètì." Mo bi í pé ọkọ̀ mélòó ló wà níbẹ̀. Ó ní tòun nìkan ni, àti ti ẹni tó ń gbé ilé ìyàgbẹ́ wá. Mo ní kó jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan, kó tètè lọ jókòó sítòsí onílé ìyàgbẹ́ náà.