Lọ, re, wá, bọ̀: ká tó kọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe ìrìn Faransé

Ọ̀rọ̀-ìṣe kan wà tó máa ń dẹ́rù ba àwọn ọmọ wa tó ń kọ́ èdè Faransé ní Òmù-Àrán. Aller ni, ìyẹn "lọ". Je vais, nous allons, j'irai: ọmọ á ní báwo ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe lè jẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà? Kò jẹ̀bi. Vadere ti èdè Látìn ló bí vais, ire sì ló bí irai. Faransé ló kó ọmọ ìyá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sínú ilé kan. Ohun tí mi ò gbà ni èyí tí wọ́n máa ń fi kún un, pé Yorùbá kò ní irú wàhálà yìí, pé lọ ni lọ ń jẹ́.

Lọ nìkan kọ́ ló ń ṣiṣẹ́ náà lọ́dọ̀ wa. Re wà pẹ̀lú rẹ̀. À ń relé, à ń roko, à ń rajò. Ẹnìkan kì í sọ pé "mo re" kó panu dé, àfi kó dárúkọ ibi tó ń rè. Re kì í sì í gba "sí": "mo re ọjà" ló tọ́, "mo re sí ọjà" kò tọ́. Lọ ló ń gba sí.

Wá tún wá le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àlejò tó ti dé ọ̀dọ̀ wa lánàá, a ó ní "ó wá". Tó bá ṣì wà lójú ọ̀nà, "ó ń bọ̀" ni. Ta ló sọ pé "ó ń wá" nígbà tó rí ènìyàn tó ń já bọ̀ láti Àjàṣẹ́-Ìpo? Ẹni tó bá gbọ́ ọ á bi í pé kí ló ń wá. Ọ̀la dé, a padà sí wá: "yóò wá". Ọ̀rọ̀ méjì tí kò jọra ló ń pín iṣẹ́ kan ṣe, gẹ́lẹ́ bí vais àti irai. Ọmọ ọdún mẹ́ta ní Ẹ̀sìẹ́ kì í ṣì í lò.

Bọ̀ yìí kan náà tún ń sọ nípa ìpadàbọ̀, ibẹ̀ sì ni ẹsẹ̀ ti ń yọ̀. Ẹni tó dìde láàárín àwùjọ, tó ní "mo ń bọ̀", tó sì jáde, gbogbo wa mọ̀ pé yóò padà. Bó bá sọ ọ́ di je viens ní Paris, wọn á máa wò ó pé ẹni tó ní òun ń bọ̀ ló tún ń lọ yìí. Je reviens ni kó sọ.

Ọdún 1996 ni ìjọba Abacha kéde pé kí Faransé di èdè ìjọba kejì ní Nàìjíríà. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ ti 1998 sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ìpinnu náà dára lójú mi, nítorí Kwara, ìpínlẹ̀ wa, bá ilẹ̀ Benin pààlà, Faransé sì ni èdè ilé-ìwé àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo. Ohun tó ń dùn mí ni pé Gẹ̀ẹ́sì la fi ń kọ́ ọ. Gẹ̀ẹ́sì ló ń mú kí ọmọ kọ j'ai allé, nítorí "ní" ni Gẹ̀ẹ́sì fi ń sọ ohun tó ti kọjá. Je suis allé ló tọ́: être, ìyẹn "jẹ́", ni lọ, wá, dé, wọlé, jáde, gòkè àti ṣubú ń bá rìn lédè Faransé. "Ti" tó wà nínú "mo ti lọ" kì í ṣe "ní" rárá, nítorí náà Yorùbá kò ti ọmọ sínú àṣìṣe yẹn. Rìn àti sáré, ní tiwọn, avoir, ìyẹn "ní", ni wọ́n ń gbà: j'ai marché, j'ai couru. Wọ́n ń sọ bí ẹsẹ̀ ṣe ń ṣe, wọn kò sọ ibi tí ènìyàn dé.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tún máa ń béèrè ohun tí naître àti mourir, bíbí àti kíkú, ń wá láàárín àwọn ọ̀rọ̀ ìrìn wọ̀nyí: il est né, il est mort. Ó yẹ kó yé ọmọ Yorùbá ju ẹnikẹ́ni lọ. Ọmọ tuntun wáyé. Àgbàlagbà jáde láyé, ó papò dà, ó re ibi àgbà ń rè. Ọba kì í kú, ó wọ àjà ni. Ìgbà wo la dárúkọ ikú àgbà láìfi ìrìn kún un?

Fún ìdánrawò, ẹ mú àwọn ère òkúta Ẹ̀sìẹ́, tí wọ́n lé ní ẹgbẹ̀rún kan, tí wọ́n kọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé lé lórí ní 1945. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ní àlejò ni wọ́n kí wọ́n tó di òkúta. Wọ́n wá, wọn ò lọ mọ́: ils sont venus, ils ne sont plus repartis. Bó bá jẹ́ àwọn ère obìnrin nìkan lẹ ń sọ, ẹ kọ elles sont venues, kí ẹ fi e kún venu kí s tó tẹ̀ lé e. Bí ọkùnrin kan péré bá wà láàárín wọn, ils ni kí ẹ padà sí.