Àguàlà Kì í Ṣe Ajá Oṣù: Bí Oòrùn àti Ìràwọ̀ Ṣe Ń Rí Láti Ọ̀nà Jíjìn

Àwọn àgbà ní, Àguàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni. Àguàlà kì í ṣe ajá oṣù. Ẹni tó bá gbójú sókè ní ìrọ̀lẹ́ tí àwọn méjèèjì jọ wà lápá ìwọ̀-oòrùn yóò mọ ìdí tí wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀ rò ó: òṣùpá tóbi, Àguàlà kéré, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kanra. Ṣùgbọ́n ìdábùú Àguàlà tó nǹkan bí 12,100 kìlómítà, ti òṣùpá kò sì ju nǹkan bí 3,470 lọ. Nígbà tí Àguàlà bá sún mọ́ wa jù lọ pàápàá, ó ṣì jìnnà ju òṣùpá lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 100. Ajá ló wá tóbi ju alájá lọ.

Ìbéèrè tí ẹ̀kọ́ yìí fẹ́ dáhùn nìyí: tí ohun kan bá ń tàn lójú ọ̀run, báwo la ṣe máa mọ̀ bóyá ó sún mọ́ wa ni, tàbí agbára rẹ̀ ló pọ̀?

Òfin tó so ìmọ́lẹ̀ mọ́ ọ̀nà jíjìn

Ẹ fojú inú wo bọ́ọ̀lù ńlá kan tí oòrùn wà ní àárín gbùngbùn rẹ̀. Gbogbo ìmọ́lẹ̀ oòrùn ló máa ba inú ara bọ́ọ̀lù náà. Tí a bá fẹ́ ẹ títí tí ara rẹ̀ fi jìnnà sí oòrùn ní ìlọ́po méjì, ara náà yóò fẹ̀ sí i ní ìlọ́po mẹ́rin. Ìmọ́lẹ̀ kò dín kù. Ibi tó máa pín ara rẹ̀ sí ló pọ̀ sí i. Nítorí náà, ní ìlọ́po 2 ọ̀nà, ìdá kan nínú 4 ìmọ́lẹ̀ ló máa kan ojú kọ̀ọ̀kan. Ní ìlọ́po 3, ìdá kan nínú 9. Ní ìlọ́po 10, ìdá kan nínú 100.

F = L ÷ 4πd²

F ni ìmọ́lẹ̀ tó ń dé ọ̀dọ̀ wa, L ni agbára ìmọ́lẹ̀ tí ìràwọ̀ náà ń tú jáde, d sì ni bó ṣe jìnnà tó.

Tí a bá kúrò nítòsí oòrùn

Ayé jìnnà sí oòrùn tó nǹkan bí mílíọ̀nù 150 kìlómítà. Kí ìmọ́lẹ̀ tó wọ afẹ́fẹ́ ayé, nǹkan bí wáàtì 1,361 ló ń bà sórí àyè tó gùn ní mítà kan, tó sì fẹ̀ ní mítà kan. Júpítà jìnnà sí oòrùn tó ìlọ́po 5.2 ti wa. Ẹ sọ 5.2 di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, ó di 27; nítorí náà nǹkan bí wáàtì 50 péré ló ń dé ibẹ̀. Ìdí nìyí tí páńẹ́ẹ̀lì sólà ọkọ̀ òfuurufú Juno fi tóbi tó bẹ́ẹ̀: ohun tó lè mú nǹkan bí wáàtì 14,000 jáde nítòsí ayé, nǹkan bí 500 ló ń mú jáde ní Júpítà.

Ní Plútò, tó jìnnà tó ìlọ́po 39.5, oòrùn ti kéré débi pé ojú lásán kò lè rí i pé ó rí roboto mọ́. Bí ìràwọ̀ ló máa rí. Síbẹ̀ ó ṣì máa mọ́lẹ̀ ju òṣùpá àrànmọ́jú tiwa lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 250.

Nígbà tí oòrùn bá di ìràwọ̀

Ọdún-ìmọ́lẹ̀ kan ni ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ ń rìn lọ́dún kan, nǹkan bí trílíọ̀nù 9.5 kìlómítà. Ẹni tó bá dúró sítòsí Alpha Centauri, ní nǹkan bí ọdún-ìmọ́lẹ̀ 4.4 sí wa, máa rí oòrùn wa bí ìràwọ̀ kan tó tàn dáadáa, láàárín àwọn ìràwọ̀ Cassiopeia. Tó bá lọ dé ọdún-ìmọ́lẹ̀ 50, agbára káká ni yóò fi rí i. Ní 100, kò ní rí i mọ́ láìlo awò awọ̀nàjíjìn.

Títàn kọ́ ni ìtòsí

Proxima Centauri ni ìràwọ̀ tó sún mọ́ oòrùn wa jù lọ, síbẹ̀ ojú lásán kò lè rí i. Rigel jìnnà tó nǹkan bí ọdún-ìmọ́lẹ̀ 860, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tí à ń rí lónìí sì ti kúrò níbẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 860 sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ó wà lára àwọn tó ń tàn jù lójú ọ̀run. L rẹ̀ ju ti oòrùn lọ ní ìlọ́po tó lé ní 40,000.

Ọ̀rọ̀ yìí ti da ọ̀mọ̀wé rú rí. Christiaan Huygens, ọmọ ilẹ̀ Nẹ́dálándì, wo oòrùn láti inú ihò tó kéré gan-an títí tí ó fi rí bíi Sirius lójú rẹ̀. Nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1698, ó ní Sirius jìnnà ju oòrùn lọ ní ìlọ́po 27,664. Iye tí a mọ̀ lónìí tó nǹkan bí ìlọ́po 20 èyí tó sọ. Ọ̀kan lára ohun tó fà á ni pé ó gbà pé agbára Sirius àti ti oòrùn dọ́gba. Agbára Sirius tó ìlọ́po 25; èyí nìkan ti tó láti sọ ọ̀nà ìlọ́po 5 di ẹyọ kan.

A nílò ọ̀nà láti wọn d láìwo títàn rárá. Ẹ na àtàǹpàkò síwájú, kí ẹ fi ojú kan wò ó, lẹ́yìn náà kí ẹ fi ojú kejì wò ó: á dà bíi pé ó sún. Ayé náà máa ń bọ́ sí òdìkejì oòrùn lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ìràwọ̀ tó wà nítòsí sì máa ń dà bíi pé ó sún díẹ̀. Ní 1838, Friedrich Bessel ará Jámánì fi èyí wọn ọ̀nà tó lọ sí 61 Cygni. Ní 2020, ọkọ̀ òfuurufú New Horizons ya àwòrán Proxima Centauri láti ibi tó jìnnà tó nǹkan bí bílíọ̀nù 7 kìlómítà. Nígbà tí wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán tí wọ́n yà láti ayé, ẹnikẹ́ni lè rí i pé ìràwọ̀ náà ti sún.

Tí a bá ti mọ d, tí a sì wọn F, L ò lè fara pa mọ́ fún wa mọ́.

Ìdánrawò

1. Sátọ́ọ̀nù jìnnà sí oòrùn tó ìlọ́po 9.5 ti ayé. Wáàtì mélòó ló ń dé àyè mítà kan sí mítà kan níbẹ̀?
2. Ìràwọ̀ méjì ń tàn bákan náà lójú wa, ṣùgbọ́n ọ̀kan jìnnà ju èkejì lọ ní ìlọ́po 10. Ìlọ́po mélòó ni agbára rẹ̀ fi ju ti èkejì lọ?

Ìdáhùn: nǹkan bí wáàtì 15, ìlọ́po 100.