Bí Ọmọ Adìẹ Bá Há Sínú Ẹyin: Ìgbà Tó Yẹ Ká Ràn Án Lọ́wọ́

Ẹ̀kọ́ tá a mú wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti ìsọ̀, ọ̀rọ̀ adìẹ ẹ̀yìnkùlé wa ni. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń sin adìẹ ìbílẹ̀ mẹ́ta mẹ́rin mọ́ òwò. Ẹni tí ọjà rẹ̀ bá kùtà, adìẹ yẹn ló máa tà san owó ilé-ìwé ọmọ tàbí owó àjọ. Àgbébọ̀ kan tó bá pa ọmọ mẹ́wàá ti kúrò ní ohun eré.

Ìbéèrè tó sábà máa ń wáyé rèé: ẹyin ti sán, òròmọdìẹ ń ké nínú rẹ̀, láti àárọ̀ kò sì jáde. Ṣé ká bó èèpo yẹn kúrò ni, àbí ká máa wò ó? Ìdáhùn ni pé kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ka wákàtí ná. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọmọ yẹn ò há rárá, ó ń sinmi ni. Aájò tí wọ́n ń ṣe fún un gan-an ló sì máa ń pa á.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹyin. Ọjọ́ 21 ni ẹyin adìẹ fi ń pa. Ní gbogbo ọjọ́ yẹn, ọmọ inú rẹ̀ ò tíì fi ẹ̀dọ̀fóró mí. Àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín tó tẹ́ sábẹ́ èèpo yí ká ló ń gba afẹ́fẹ́ wọlé fún un, bí ibi ọmọ ṣe ń ṣe fún ọmọ inú aboyún. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń se ẹyin tà, ẹ mọ̀ pé bá a bá bó ẹyin sísè, ìdí rẹ̀ tó tóbi máa ń tẹ̀ wọnú díẹ̀. Àyè afẹ́fẹ́ nìyẹn. Ní nǹkan bí ọjọ́ 19 sí 20, ọmọ á fi ẹnu gún awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ inú, á ti ẹnu bọ àyè yẹn, ibẹ̀ ló sì ti máa kọ́kọ́ mí. Ìgbà yẹn lẹ máa bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohùn rẹ̀ tẹ́ ẹ bá gbé ẹyin sétí. Lẹ́yìn náà ló máa wá sọ èèpo títí á fi sán. Nǹkan funfun kékeré kan tó le wà ní ṣóńṣó ẹnu rẹ̀ tó fi ń ṣiṣẹ́ yẹn. Bó bá jáde tán, láàárín ọjọ́ mélòó kan á já bọ́.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í ṣe wá nìyí. Bó bá ti lu ihò àkọ́kọ́ yẹn, ó máa dákẹ́ ni. Wákàtí 12, ó lè tó 24, kò ní ṣe ohun kan tójú rí. Iṣẹ́ ńlá ló ń lọ nínú ṣá o. Ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú iṣan abẹ́ èèpo ń padà sínú ara rẹ̀, pupa ẹyin tó ṣẹ́ kù náà ń gba ojú ìdodo wọnú ikùn rẹ̀. Ẹni tó bá bó o lásìkò yìí, iṣan yẹn ló ń fà já. Ẹ̀jẹ̀ á máa jò, pupa ẹyin á ṣì wà níta lẹ́nu ìdodo, ọmọ á kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Agbẹ̀bí wo ló máa fa ọmọ tí kò tíì yí orí?

Bí ìsinmi yẹn bá parí, ẹ̀yin náà á mọ̀. Á bẹ̀rẹ̀ sí í yí, á máa sọ èèpo lọ ní àyíká bí ẹni ń ṣí agolo mílíìkì, títí ìdí ẹyin á fi ṣí bí ọmọrí. Eléyìí ò pẹ́ rárá. Àwọn kan ò lò ju ìṣẹ́jú 30 lọ, àwọn mìíràn á lo wákàtí mélòó kan.

Nígbà wo la wá lè dá sí i? Bó bá ti lé ní wákàtí 24 lẹ́yìn ihò àkọ́kọ́, tí ihò náà ò sì fẹ̀ sí i, ẹ mú un wò. Awọ tó hàn níbi ihò ni kẹ́ ẹ wò, ẹ má wo ẹkún ọmọ. Bí awọ náà bá ṣì funfun, tó ní ọ̀rinrin, ẹ dá a padà sábẹ́ ìyá rẹ̀, ẹ lọ sọ́jà yín. Àmọ́ bó bá ti gbẹ, tó ti pọ́n, tó sì lẹ̀ mọ́ ìyẹ́ ọmọ, ó há nìyẹn. Òmíràn á ti yí èèpo dé ìdajì kó tó dúró. Bó bá dúró bẹ́ẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta mẹ́rin, awọ ti gbẹ mọ́ ọn lára, òun náà ń fẹ́ olùrànlọ́wọ́. Ìgbà ọyẹ́ ni èyí wọ́pọ̀ jù, nítorí afẹ́fẹ́ ìgbà náà gbẹ. Ẹni tó bá sì ń gbé àgbébọ̀ dìde ní gbogbo ìgbà láti yọjú wo ẹyin, ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa ọyẹ́ wọ ìtẹ́ ni.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ràn án lọ́wọ́, ẹ fọ ọwọ́ yín pẹ̀lú ọṣẹ, kẹ́ ẹ jókòó síbi tí atẹ́gùn ò ti fẹ́. Ẹ rẹ aṣọ mímọ́ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ fún un, kẹ́ ẹ fi pa awọ tó gbẹ náà títí á fi rọ̀. Òróró àgbọn díẹ̀ náà dáa. Ẹ ṣọ́ ihò imú rẹ̀ ṣá, kí omi tàbí òróró má wọ ibẹ̀. Ẹ wá fi èékánná ṣẹ́ èèpo díẹ̀díẹ̀ níbi tó ti lu, kẹ́ ẹ máa lọ ní àyíká bí òun fúnra rẹ̀ ì bá ṣe lọ. Bẹ́ ẹ bá rí iṣan pupa lára awọ, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ kán báyìí, ẹ dáwọ́ dúró lójú ẹsẹ̀. Àkókò rẹ̀ ò tíì tó nìyẹn. Ẹ dá a padà síbi tó móoru fún wákàtí mélòó kan kẹ́ ẹ tó tún wò ó. Bí orí àti ọrùn rẹ̀ bá ti lómìnira, ó tó. Ẹ fi ìdajì èèpo tó kù sílẹ̀ kó fi ẹsẹ̀ ta á dànù fúnra rẹ̀. Ẹ má fà á jáde o! Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ ẹ bá rí lẹ́nu ìdodo rẹ̀, ẹ má gé e, á gbẹ, á já.

Àwọn kan máa ń sọ pé ọmọ tí kò lè dá jáde ò wúlò, kó kú síbẹ̀. Èmi ò gbà. Èyí tí ọyẹ́ lẹ awọ mọ́ lára kì í ṣe ọ̀lẹ. Èyí tó sì wọ́ ẹsẹ̀ jáde, tí orí àti ọrùn rẹ̀ ò gún, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Òun lè kú náà, bó ti wù kẹ́ ẹ ṣe tó.

Bó bá ti jáde, ẹ má yára gbé e sáàárín àwọn yòókù bí ẹ̀jẹ̀ bá wà lára rẹ̀, wọ́n á máa sọ ọ́. Ẹ tẹ́ aṣọ sínú páálí, kẹ́ ẹ fi ìgò omi gbígbóná tí ẹ fi aṣọ wé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ títí ìyẹ́ rẹ̀ á fi gbẹ. Bébà ń yọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ lè yà. Ẹ má sì fi oúnjẹ dà á láàmú. Pupa ẹyin tó wọnú rẹ̀ á bọ́ ọ fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Òun náà ni àwọn òròmọdìẹ ọlọ́jọ́ kan tí wọ́n ń kó rìn jìnnà nínú páálí oníhò fi ń yè láìjẹun.

Ó ku àwọn tó ń pẹ́ sẹ́yìn. Àgbébọ̀ kì í dúró dè wọ́n. Bí ọmọ díẹ̀ bá ti jáde, láàárín ọjọ́ kan sí méjì á kó wọn rìn, àwọn ẹyin tó kù á tutù. Nítorí náà, ẹ kó ẹyin tẹ́ ẹ fẹ́ kó pa jọ, kó má ju ọjọ́ 7 lọ, kẹ́ ẹ kó gbogbo rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Ẹ fi èédú sàmì sí wọn, kẹ́ ẹ lè mọ̀ bí adìẹ mìíràn bá wá yé tirẹ̀ mọ́ ọn. Ẹyin kírétì tá à ń tà kò sí lára èyí o, torí púpọ̀ nínú àwọn adìẹ tó yé e ni ò sún mọ́ àkùkọ rí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sin pẹ́pẹ́yẹ ilé wa, ẹ má fi ọjọ́ adìẹ wọ̀n ọ́n. Nǹkan bí ọjọ́ 35 ni tirẹ̀, ìsinmi rẹ̀ lẹ́yìn ihò àkọ́kọ́ sì lè gùn ju ti adìẹ lọ. Awó ń lo ọjọ́ 26 sí 28, tòlótòló ń lo 28.